Rìtírẹ́ǹṣì: Ọ̀rọ̀ àti Ẹni Tí Ó Sọ Ọ́

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo jẹ́ ní ọdún 1984 tí mo kọ́kọ́ fojú kan ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, retrench. Inú lẹ́tà kan tí bàbá mi mú bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ni ó wà. Awakọ̀ ni bàbá mi ní iléeṣẹ́ ìjọba kan. Ó ti lo ọdún méjìlélógún lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó mọ Yorùbá kà dáadáa, ó sì gbọ́ ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀gá fi ń sọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ fún awakọ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì inú lẹ́tà ìjọba ju agbára rẹ̀ lọ. Èmi tí mo wà ní kíláàsì kẹta ní iléèwé girama ni ó pè. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ, ìyá bàbá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, bàbá mi sì dúró. N kò tún rí i kí ó dúró bẹ́ẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀ mọ́, bí ẹni tí ó wà níwájú adájọ́.

Mo ka lẹ́tà náà sókè. Ìlà mẹ́fà péré ni. Mo túmọ̀ èyí tí mo lè túmọ̀: ọjọ́, orúkọ, nọ́ńbà fáìlì, ọpẹ́ fún iṣẹ́ tí ó ti ṣe sẹ́yìn. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ náà, mo dúró, nítorí pé n kò mọ̀ ọ́n. Mo sáré wọ yàrá lọ mú ìwé atúmọ̀ èdè kékeré tí a ń lò ní iléèwé, mo sì rí i níbẹ̀ pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí ènìyàn dín ìnáwó kù. Mo jáde padà pẹ̀lú ayọ̀ ọmọdé tí ó rí ohun tí ó ń wá, mo ní, ‘Wọ́n ní àwọn ń dín ìnáwó kù ni.’

Kò sí ẹni tí ó fèsì. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ìyá àgbà yí ojú sí mi. ‘Àkànní,’ ni ó wí, ‘nínú ọ̀rọ̀ tí o kà yìí, ta ni ìnáwó? Ṣé bàbá rẹ ni ìnáwó?’

Bàbá mi gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì fi í sí àpò. ‘Wọ́n gé mi ni, Màmá,’ ni ó wí. Ìgbà náà ni ìyá mi tó gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀wà.

Kì í ṣe bàbá mi nìkan ni irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kàn. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún 1983, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Alhaji Shehu Shagari, Ọ̀gágun Muhammadu Buhari sì di olórí. Nínú ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ dá òṣìṣẹ́ púpọ̀ dúró kí ẹrù owó oṣù tí ó wà lọ́rùn ìjọba lè fúyẹ́. Àwọn tí ó jù wá lọ rántí irú rẹ̀ tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1975, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Murtala Muhammed yọ òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 10,000 kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàrin oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ti 1975, ẹ̀sùn ni wọ́n fi kan àwọn ènìyàn: ìwà ìbàjẹ́, àìkúnjú ìwọ̀n, ọjọ́ orí. Ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn lè wí àwíjàre, bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ tirẹ̀. Lẹ́tà bàbá mi kò fi ẹ̀sùn kankan kàn án. Ó tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ènìyàn yóò fi dá ọpẹ́ lóhùn?

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi gba ìgboro. Rìtírẹ́ǹṣì ni a ń pè é. Ọmọdé tí kò tíì lè sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan délẹ̀ ń fi í ṣeré ní pápá: bí a bá yọ ọmọ kan kúrò nínú àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù, a ó ní wọ́n ti rìtírẹ́ǹṣì rẹ̀. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà mọ̀.

Ìgbà tí mo di akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mo tó rí ìwé atúmọ̀ èdè ńlá, irú èyí tí ó ń tọ ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀ dé orísun rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni mo kọ́kọ́ ṣí. Mo rí i pé ọwọ́ àwọn Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, láti ara retrancher, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ kí a gé nǹkan kúrò. Àwọn ológun ilẹ̀ Yúróòpù ń lo ẹ̀yà rẹ̀ kan fún yàrà tí a gbẹ́ sínú odi, kí àwọn tí ń ṣọ́ odi lè sá sẹ́yìn sí i bí ọ̀tá bá ti borí ti iwájú. Láti ibi gígé ìnáwó ni ọ̀rọ̀ náà ti rìn dé ibi gígé òṣìṣẹ́. Mo jókòó sí ilé ìkàwé yẹn, mo sì gbọ́ ohùn bàbá mi: ‘Wọ́n gé mi ni.’ Ẹni tí kò gbọ́ Faransé rárá ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò. Ìwé kékeré tèmi sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àpò ìjọba; bàbá mi sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ náà ní ẹbí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, redundant ni wọ́n sábà máa ń lò. Òfin sísan owó fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1965. Látìnì ni ó ti wá, omi tí ó kún àkúnwọ́sílẹ̀ ni ó sì ń tọ́ka sí: òṣìṣẹ́ náà di omi tí ìkòkò kò gbà mọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní lay off, bí ẹni tí ó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tí ó wà lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ni sack, ìyẹn àpò. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìtàn ọ̀rọ̀ sábà ń sọ ni pé àpò irinṣẹ́ tí oníṣẹ́ ọwọ́ ń gbé kọ́ èjìká nígbà tí ọ̀gá bá lé e ni. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju àwọn yòókù lọ. Bí a bá gbé àpò fún ni, ẹnìkan ni ó gbé e fún ni.

Kí ló dé tí Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún un? Kì í ṣe pé a kò ní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ro oko kí ẹgbẹ́ náà lè wá bá a ro tirẹ̀, àáró ni ó ń ṣe. Ẹni tí ó pe àna àti ọ̀rẹ́ wá bá a kọ́lé, tí ó sì ṣe wọ́n lálejò, ọ̀wẹ̀ ni ó bẹ̀. Ẹni tí ó ń fi iṣẹ́ dípò èlé owó tí a yá, ìwọ̀fà ni. Ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá yóò gba òmìnira lọ́jọ́ kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ọ̀nà tí ó ń gbà parí: àáró parí nígbà tí ó bá yí gbogbo oko ká, ìwọ̀fà parí nígbà tí a bá san owó. N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Ìwọ̀fà korò, oko ẹrú sì burú jù ú lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oṣù, tí ó tàn kálẹ̀ láàrin wa pẹ̀lú ọ́fíìsì àwọn òyìnbó àti pẹ̀lú rélùwéè tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ni ó kọ́ wa pé a lè ka ènìyàn mọ́ ohun tí a ń náwó lé lórí, kí a sì dín in kù bí ẹni dín epo ọkọ̀ kù.

Nígbà tí ohun náà dé, a wá ọ̀rọ̀ fún un. A ní wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. A ní wọ́n dá a dúró. A ní wọ́n ní kí ó lọ rọ́kún nílé. Ẹ wò ó dáadáa: gbogbo rẹ̀ ni ó ń béèrè olùwà. Gẹ̀ẹ́sì ní ìhun gbólóhùn kan tí èdè wa kò ní. Ó lè mú ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí, kí ó gbé e sí ipò olùwà, kí ẹni tí ó ṣe nǹkan náà sì di àwátì. Lóòótọ́, a lè sọ pé ilẹ̀kùn ṣí, a sì lè sọ pé ìgò fọ́, láìdárúkọ ẹni tí ó ṣí ọ̀kan tàbí tí ó fọ́ èkejì. Ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé ‘bàbá mi lé’ kí ó túmọ̀ sí pé wọ́n lé bàbá mi. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Àwọn ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù pàápàá, tí kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní gírámà, kò sọ pé ‘ó rìtírẹ́ǹṣì’. Wọ́n rìtírẹ́ǹṣì rẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Kí òǹkàwé má bínú, nígbà náà, pé mo ń lo ‘ó’ fún bàbá mi àti ìyá rẹ̀ nínú àròkọ yìí, èyí tí n kò jẹ́ ṣe lójú wọn. ‘Wọ́n’ tí ó yẹ kí n fi bọlá fún wọn ni ‘wọ́n’ tí mo ń tọ ipa rẹ̀ lọ, n kò sì fẹ́ kí a ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ọ̀rọ̀ gírámà yìí yangàn níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo máa ń sọ fún wọn pé èdè wa kì í jẹ́ kí ẹni tí ó dá ọ̀ràn sá pamọ́ sẹ́yìn gbólóhùn. Mo ti ṣíwọ́ ìyangàn náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó fà á.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi ni olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa. Ìwé wá láti òkè pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan dín àwọn òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ kù. Méjì ni tiwa. A ní láti jọ̀wọ́ ọ̀kan. Wọ́n ti tẹ lẹ́tà náà ní Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ sí wa, àyè orúkọ àti àyè ìbuwọ́lù nìkan ni ó ṣófo. Èmi ni mo yan orúkọ. Èmi ni mo kọ ọ́ sí àyè rẹ̀. Mo buwọ́ lù ú, gbogbo rẹ̀ kò sì gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ. Obìnrin tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ti ń gbá ọ́fíìsì wa láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó tó ẹ̀gbọ́n fún mi. Kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kà. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó mú lẹ́tà náà tọ̀ mí wá. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, mo ní kí ó jókòó. ‘Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́,’ ni ó wí, ‘ẹ bá mi kà á.’

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbuwọ́lù mi wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo la ẹnu, ohun tí ó sì jáde ni: ‘Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí ẹ lọ sinmi.’

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. ‘Ta ni wọ́n, ọ̀gá?’

Kò fi ìbínú béèrè. Ó fẹ́ mọ̀ ni, kí ó lè mọ ẹni tí òun yóò lọ bẹ̀.

Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú oyè ọ̀mọ̀wé mi nínú èdè Yorùbá, n kò sì rí ibi tí mo lè gbà. ‘Èmi ni,’ ni mo wí. ‘Wọ́n ní kí n mú ẹnìkan, ẹ̀yin ni mo mú.’ Ó bi mí pé kí ló dé tí kì í ṣe ẹnìkejì, tí ó dé lẹ́yìn òun. Ìdí tí mo ní ni pé ọ̀dọ́ ni ẹnìkejì, pé ó lè gun àkàbà, pé ó lè gbé omi gun òkè. Ìdí náà ti tó mi nígbà tí mo ń kọ orúkọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ sójú ẹni tí ó ti ń gbé omi náà gun òkè fún ọdún mẹ́sàn-án, mo gbọ́ bí ó ti kéré tó.

Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà tí a ṣe ní ọdún 1974 ní abala kan lórí ọ̀ràn yìí, abala ogún. Ó ní bí òṣìṣẹ́ bá ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, kí ẹni tí ó gbà wọ́n síṣẹ́ sọ ìdí àti iye ènìyàn tí ọ̀rọ̀ náà kàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn. Ó ní kí ẹni tí ó dé kẹ́yìn ṣáájú nínú àwọn tí yóò lọ, bí a bá ti wo ti ìmọ̀ iṣẹ́, agbára àti ìṣeégbẹ́kẹ̀lé. Ó sì ní kí a jíròrò lórí owó tí a ó fún wọn. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó kà á. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé àwọn tí ó ṣòfin mọ̀ pé ọwọ́ tí ó mú bírò yá ju ẹnu lọ, wọ́n sì fẹ́ kí ẹnu kọ́kọ́ sọ ìdí kí ọwọ́ tó kọ̀wé. Ní ọjọ́ kejì mo gòkè lọ sọ pé mo ti yan ẹni tí kò yẹ kí n yàn. Akọ̀wé tí mo bá níbẹ̀ ní ìwé ti lọ. Owó oṣù kan ni mo rí gbà fún un. Ó gbà á, ó sì dúpẹ́, ọpẹ́ náà sì wúwo lọ́rùn mi.

Nítorí náà, mo ti mọ̀ nísinsìnyí pé ‘wọ́n’ kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ tí mo pè é níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ihò ni òun náà. Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tí ó fẹ́ sá pamọ́ ní gbólóhùn tí kò ní olùwà. Yorùbá fún un ní olùwà tí kò ní ojú. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí ó wà láàrin wọn ni pé ènìyàn lè bi ọmọ Yorùbá pé, ‘Ta ni wọ́n?’ Èdè fi àyè ìbéèrè náà sílẹ̀. Àwa ni a óò dáhùn tàbí kí a má dáhùn.

Ṣé ohun tí mo ń sọ ni pé kí a máa sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ní ìhòòhò? Rárá o. Ọmọ Yorùbá kì í sọ pé ọba kú. Ọba wàjà ni. Olóde ni à ń pe ṣọ̀pọ̀ná, okùn sì ni à ń pe ejò bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹni tí kò tíì bímọ, a ní ó ń wojú Olúwa. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odidi. Kí wá ni mo ń bá ‘retrench’ jà fún, tí mo sì ń bá ‘ẹ lọ sinmi’ ti ara mi jà fún?

Èrò mi ni pé kí a wo ẹni tí aṣọ náà bò. Nígbà tí a bá ní ọba wàjà, ọgbẹ́ àwọn tí ó ṣẹ́kù ni a fi aṣọ bò, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ ọ tí kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a bá ní obìnrin kan ń wojú Olúwa, òun ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣíji bò. Ṣùgbọ́n ‘retrench’ kò bo bàbá mi rárá. Ó dúró ní gbangba láàrin ilé, ìyàwó rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ń wò ó. Ẹni tí ó mú ọ̀bẹ dání ni aṣọ náà bò. Bákan náà ni ‘ẹ lọ sinmi’ tí mo sọ. Ó dùn lẹ́nu, ó jọ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ẹ̀gbọ́n náà ni mo ṣe sọ ọ́. Kò rẹ̀ ẹ́, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni fún ìsinmi. Ara mi ni mo ń tọ́jú.

Ẹnìkan lè sọ pé kò sí ohun tí ó yí padà: bí olórí ẹ̀ka bá sọ pé ‘èmi ni’, tàbí bí ó bá sọ pé ‘wọ́n ni’, obìnrin náà yóò ṣáà lọ ilé. Ó tún lè sọ pé ìránṣẹ́ ni èmi náà, pé owó ni kò sí, pé ẹni tí a rán níṣẹ́ kò jẹ̀bi. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ náà ní ìpín tirẹ̀. Wọn kò rán mi pé kí n mú obìnrin yẹn. Ẹnìkan ni wọ́n ní kí n mú. Ìpín tèmi nínú iṣẹ́ náà kéré, ṣùgbọ́n tèmi ni, mo sì fi Gẹ̀ẹ́sì àti ‘wọ́n’ gbé e fún afẹ́fẹ́. Ẹni tí ó bá sọ pé ‘èmi ni’ yóò sọ ìdí. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìdí lè fèsì. Bí mo bá ti pè é jókòó ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí n tó buwọ́ lùwé, kí n sì sọ gbólóhùn náà sójú rẹ̀ ní Yorùbá pẹ̀lú ‘mo’ níwájú rẹ̀, ó dá mi lójú pé n kì bá tí kọ orúkọ rẹ̀. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́tà kò ní ojú, ìyẹn ni ó ṣe yá mi lára.

Bàbá mi tún lo ọdún mọ́kàndínlógún láyé lẹ́yìn lẹ́tà rẹ̀. Ó wa takisí títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì, ó sì rán gbogbo wa níwèé. N kò gbọ́ kí ó pe rìtírẹ́ǹṣì rí. Bí ó bá fẹ́ dárúkọ àkókò náà, yóò ní, ‘Ní ọdún tí wọ́n gé mi.’ Lẹ́yìn tí a sin ín, mo rí lẹ́tà náà nínú àpótí rẹ̀, ní kíká mẹ́rin bí ó ti ká a lọ́jọ́ náà. Mo tún un kà. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí n kò mọ̀ mọ́. Mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti mọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ìbuwọ́lù kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé kà. Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré tí ó túmọ̀ sí ‘ní ipò’ ṣáájú orúkọ oyè ọ̀gá kan. Ẹni tí ó buwọ́ lù ú ní kì í ṣe òun ni ó ni ín. Ẹni tí ó ni ín kò buwọ́ lù ú.

Lónìí, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bá ń túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sáré mú ìwé atúmọ̀ èdè bí mo ti sáré mú un nígbà náà, mo máa ń ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Ìbéèrè ìyá àgbà ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ fún wọn, kí a tó ṣí ìwé kankan: nínú ọ̀rọ̀ yìí, ta ni ìnáwó? Lẹ́yìn náà, a ó béèrè ti ẹ̀gbọ́n tí ó ń gbá ọ́fíìsì wa: ta sì ni wọ́n?